Olè Tó Gbé Ọ̀rọ̀, Tó Fi Wàláà Sílẹ̀

"Kí ni wọ́n jí?" ni ọlọ́pàá orí káńtà bi obìnrin náà.

"Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni."

Ọlọ́pàá ti kọ "ọkọ" sílẹ̀ kó tó gbọ́ ìyókù. Ó gbé bírò sókè. "Wọ́n jí ọkọ yín gbé?"

"Ọkọ mi ti kú láti ọdún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ ni wọ́n jí. Inú èyí ló wà." Ó gbé wàláà ìkàwé kan sórí káńtà, irú tábúlẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tí àwọn èèyàn fi ń ka ìwé nínú ọkọ̀.

Ọlọ́pàá wo wàláà, ó wo obìnrin, ó tún wo wàláà. "Màmá, ohun tí wọ́n jí náà ló wà níwájú mi yìí?"

"Igbá ló wà níwájú yín. Ohun tó wà nínú igbá ni kò sí mọ́."

Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti dé bírò rẹ̀. Ó ní kí ìyá náà máa lọ bá Abájọ, pé ẹjọ́ tí kò lórí tí kò nírù, Abájọ ló máa ń bá a wá ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn.

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà, aránṣọ kan tó ti di opó, ṣe gun àtẹ̀gùn dé ọ́fíìsì Abájọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó sì ro ẹjọ́ ọlọ́pàá mọ́ ẹjọ́ olè.

Abájọ kì í ṣe orúkọ tí bàbá sọ ọmọ. Nígbà tí obìnrin yìí ṣì jẹ́ ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, bó bá bi èèyàn léèrè títí tí òótọ́ fi yọjú, kì í lu tábìlì, kì í jágbe. Á kàn mí kanlẹ̀, á ní, "Abájọ." Àwọn ọ̀daràn ló sọ ọ́ lórúkọ náà, àwọn ọlọ́pàá sì gbà á lẹ́nu wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ó gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ìwé. Ó ní awò ojú méjì, ọ̀kan lórí imú, ọ̀kan lórí irun, èyí tó bá sì ń wá ni kì í rántí pé òun gbé lérí.

Ọkùnrin ìsàlẹ̀ yẹn, Bàbá Ẹ̀dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ní ìwà kan tó fi ń yọ oníbàárà lẹ́nu. Ohun yòówù kí o gbé wá, ìbáà ṣe ìwé ẹ̀rí, ìbáà ṣe odindi ìwé ìtàn, yóò kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ, yóò ní, "Ta ló ni ín?" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ní, "Èmi ni," nígbà tí orúkọ ẹlòmíì wà gàdàgbà lẹ́yìn ìwé. Bàbá Ẹ̀dà á wò wọ́n bí ẹni ń wo ṣíṣú òjò, á sì tẹ ẹ̀rọ. Ó ní òun kì í ṣe adájọ́, àmọ́ òun fẹ́ kí irọ́ náà wà lọ́rùn ẹni tó pa á.

"Ẹ jókòó," Abájọ wí fún aránṣọ. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń dùn yín."

"Àrùn ọ̀nà ọ̀fun ló pa ọkọ mi. Ẹnjiníà ni, afárá ló ń kọ́. Nígbà tó kù díẹ̀, àwọn dókítà gé ohùn rẹ̀ kúrò kó lè rí oṣù díẹ̀ sí i. Ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì. Ìgbà tó wà ní ọsibítù ló ra ìwé ìtàn kan sínú wàláà yìí, Afárá Onígi, tí Ọ̀mọ̀wé kọ. Ẹ mọ Ọ̀mọ̀wé?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Òun fúnra rẹ̀ ló ń rí sí i pé a mọ òun."

Aránṣọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in tán. "Bí ọkọ mi ṣe ń ka ìwé náà ló ń bá a jà. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ inú irú ìwé yìí, ẹ lè kọ tiyín síbẹ̀, àmì kékeré kan á sì dúró níbẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sí òǹkọ̀wé, ó ń kọ ọ́ sí èmi náà. Á kọ ọ́ pé, 'Irọ́ ni eléyìí.' Lábẹ́ rẹ̀ á tún kọ ọ́ pé, 'Ìyàwó mi, bá mi ti fèrèsé yẹn.' Ẹ̀gbẹ́ ìwé ló di ẹnu rẹ̀."

"Ẹ sì ti kà á tán?"

"N ò jẹ́ kó tán." Ó ń fọwọ́ pa wàláà bí ẹni ń pa orí ọmọ. "Ẹyọ kan ni mò ń kà láàárọ̀, kí n tó jókòó sídìí máṣíìnì. Bí mo bá kà á tán, yóò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àmì kan wà ní ojú ewé ìkẹyìn tí n ò tíì fọwọ́ kàn rárá. Láàárọ̀ àná mo ṣí i, ìwé ti lọ."

Ó tan wàláà. Ìwé yòókù tò sójú rẹ̀ bí àwo lórí pẹpẹ. Níbi tí ọ̀kan ti yẹ kó wà, àyè òfìfo ló kù, àti gbólóhùn kan lábẹ́ rẹ̀: Ìwé yìí kò sí fún yín mọ́.

"Ta lẹ fura sí?"

Ó dáhùn kíá, àfi bí ẹni tó ti ń gbé e lẹ́nu bọ̀ láti ilé. "Àbúrò ọkọ mi. Òun ló gbé e lọ́wọ́ gbẹ̀yìn, nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú. Láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń sọ pé ohun tí Ẹnjiníà fi sílẹ̀, ẹbí ló ni ín. Mo ti ní kó má ṣe tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Mà, bó bá jẹ́ òun ló pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti parí. N ò ní jẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ ọ́n sí bàbá."

Abájọ gbé wàláà súnmọ́ imú. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. "Ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́ nínú wàláà," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "ilé ìtàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì á ṣì mọ̀ pé ẹ rà á. Wọ́n á gbà kí ẹ tún un gbé. Mo wọ inú ilé ìtàwé náà báyìí. Wọn ò sọ pé àwọn ò ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún yín. Wọ́n ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò sí láyé."

"Kí ni ìyẹn jẹ́?"

"Ìyẹn jẹ́ pé kí ẹ má tíì lé àbúrò ọkọ yín jìnnà."

*

Àbúrò ọkọ náà ń tún fíríìjì ṣe ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀, orí rẹ̀ wọnú ẹ̀rọ débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni Abájọ kọ́kọ́ kí. Láti ọjọ́ tí aránṣọ ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti sọ ọ́ ní Adúmáadán, kó má baà pe orúkọ àbúrò ọkọ. Dúdú rẹ̀ ń dán lóòótọ́, òróró fíríìjì sì ti bá a fi kún un.

"Ìyàwó wa ló rán yín," ó wí, kò tíì yọ orí.

"O gbé wàláà ẹ̀gbọ́n rẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé."

"Mo gbé e."

"Kí lo ń wá nínú rẹ̀?"

Ó yọ orí, ó nu ọwọ́ sí àkísà, ó nu ún pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. "Ara mi ni mò ń wá. Ìyàwó wa ń sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ nípa dókítà, nípa nọ́ọ̀sì, nípa ológbò tó ń kọjá níta ọsibítù. Mo ní ṣé èmi tí mo ń gbé e lọ gbé e bọ̀, kò sọ nǹkan kan nípa mi ni?"

"Ó sọ?"

"Ó sọ. Níbi tí afárá inú ìtàn ti kọ́kọ́ ya, ó kọ ọ́ pé, 'Àbúrò mi á ní òun mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.'" Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì ń yọ omi. "Mo gbé wàláà kalẹ̀, mo jáde. Ó ti jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ni mo tún ń wá?"

"Wọ́n ní o sọ pé ohun tó fi sílẹ̀, ẹbí ló ni ín."

"Mo sọ ọ́ nípa aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí inú ń bí ò mọ aago yàtọ̀ sí ìwé."

Abájọ ń wo fóònù tó wà lórí àpótí irinṣẹ́. "Ìwọ náà máa ń kàwé lórí ẹ̀rọ?"

"Ẹyọ kan péré ni mo rà láyé mi, ìwé yẹn kan náà. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń bí ẹ̀gbọ́n mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ya àwòrán èèpo ẹ̀yìn ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi, kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi náà ń kàwé."

"Ṣí i kí n rí i."

Ó ṣí fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀ bíi pé ìdọ̀tí ló bo ìwé mọ́lẹ̀. Àyè òfìfo kan náà, gbólóhùn kan náà. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ojú ẹni tó dé ilé tó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.

Abájọ ti mú ohun tó wá mú. Olè kì í jí ẹrù tirẹ̀ mọ́ ti ẹlẹ́rù. Àti pé olè wo ló wọ ilé aránṣọ, tó wọ ilé atúnfíríìjìṣe, lóru kan náà, tí ajá ò gbó, tí ilẹ̀kùn ò sì dún? Ẹni tó mú ìwé yìí ò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ibi tó dúró, gbogbo ilé ni ọwọ́ rẹ̀ tó.

"Fi àwòrán ẹ̀yìn ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi," ó wí. "Kí o sì sọ ti aago náà fún ìyàwó yín pẹ̀lẹ́, lọ́jọ́ mìíràn."

*

Obìnrin tó tẹ Afárá Onígi jáde ń gbé àárín ìwé bí eku ń gbé inú àká. Àǹtí Atẹ̀wé ni wọ́n ń pè é. Ó gbé páálí ìwé kan kúrò lórí àga kí Abájọ lè jókòó, ó wá jókòó sórí páálí náà fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo yọ ọ́. Ṣé ẹni tó ń tajà ló ń ti ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀?"

"N ò tíì sọ pé ìwọ ni. Ṣàlàyé fún mi ná. Aránṣọ kan ra ìwé, ó gbé e sílé. Báwo ni ẹnì kan ṣe lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Torí kò ra ìwé ni." Àǹtí Atẹ̀wé fa ẹ̀dà kan yọ láti inú òkìtì, ó gbé e lé Abájọ lọ́wọ́. "Èyí ni ìwé. Tí mo bá ti tà á, ó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ lè yá ọ̀rẹ́ yín, ẹ lè tún un tà, ẹ lè fi ti ilẹ̀kùn, ẹ lè jẹ́ kí ọmọ yín jogún rẹ̀. Ohun tí ẹ ò lè ṣe ni kí ẹ tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tẹ̀, torí bébà lẹ rà, ẹ ò ra ọ̀rọ̀. Ti orí ẹ̀rọ wá yàtọ̀. Kì í ṣe nǹkan la tà fún yín níbẹ̀, àṣẹ láti kà á la fún yín. Ẹ rí i bí ẹni tó háyà yàrá."

"Ẹni tó háyà yàrá, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó kó ẹrù rẹ̀ síta."

"Ó wà nínú àdéhùn tí gbogbo èèyàn ń tẹ 'Mo gbà' sí láìkà."

"Ìwọ kà á?"

"Ẹ̀gbọ́n, títẹ̀ ni mo ń tẹ ìwé."

Abájọ jẹ́ kí ìyẹn kọjá. "Ta wá ló ní kí wọ́n kó ẹrù aránṣọ síta?"

"Ilé ìtàwé náà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní ẹnì kan búra fún wọn pé òun ló ni iṣẹ́ náà, pé wọ́n ń tà á láìgba àṣẹ òun. Irú ìbúra bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ìwé ná, wọ́n á wá máa bèèrè. Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ mo mọ ẹni tí mo fura sí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé nìkan ló ń gbọ́ wọn. "Òǹkọ̀wé kejì yẹn, olùkọ́ yunifásítì tí òun àti Ọ̀mọ̀wé jọ ń du ẹ̀bùn. Ìlara ń pa á."

Abájọ ò jiyàn. Ó gba nọ́ńbà olùkọ́ náà, ó sì pè é níbi tó jókòó sí.

"Afárá Onígi?" ni ohùn olùkọ́ wí lórí fóònù. "Ìwé yẹn ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí a kì í ṣe é kọ ìtàn. A ti dé orí karùn-ún. Ó ti pòórá lórí wàláà gbogbo wọn, n ò rí nǹkan bú mọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyáàfin, bí ẹ bá rí olè náà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Abájọ pa fóònù. "Ẹni tó ń fi nǹkan ṣe oúnjẹ kì í da á nù," ó wí.

Ó wá wo ìwé bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwòrán òǹkọ̀wé gba ìlàjì ẹ̀yìn rẹ̀, àgbọ̀n sókè, ojú bí ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oyè gba ìyókù: Ọ̀mọ̀wé, Olóyè, Ọ̀gá Àgbà Olùkọ́ nígbà kan rí, Ẹni Àyẹ́sí, àti àwọn lẹ́tà kéékèèké tó tẹ̀lé orúkọ bí òròmọdìyẹ tẹ̀lé ìyá. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí àkọlé ìwé.

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó wo àwòrán tí Adúmáadán fi ránṣẹ́. Afárá kan lórí omi. Àkọlé. Orúkọ òǹkọ̀wé lásán. Ó tán.

"Kí ló dé tí ẹ̀yìn wọn ò bára mu?"

"Èmi ni mo yí ti orí ẹ̀rọ padà. Nínú ilé ìtàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn ìwé ò ju èékánná lọ. Gbogbo oyè yẹn dà bí èèrà tó bo ṣúgà. N ò rí bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe rà á."

"O sọ fún Ọ̀mọ̀wé?"

Àǹtí Atẹ̀wé wo ilẹ̀. "Ta ló fẹ́ sọ ọ́? Kò sì lè rí i. Kì í fọwọ́ kan irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé tí kò lóòórùn kì í ṣe ìwé."

Abájọ mí díẹ̀. Kò tíì kanlẹ̀.

*

Ó gbé àwòrán náà lọ sísàlẹ̀ kí Bàbá Ẹ̀dà tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

"Ta ló ni ín?" Bàbá Ẹ̀dà bi í.

"Ìyẹn gan-an ni mò ń lọ bi wọ́n."

Bàbá Ẹ̀dà rò ó wò. Kò tíì gbọ́ irú ìdáhùn yẹn rí. Ó tẹ ẹ̀rọ.

*

Pálọ̀ Ọ̀mọ̀wé kún fún Ọ̀mọ̀wé. Ó wà lára ògiri pẹ̀lú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tó ti ń bọ ẹnì kan lọ́wọ́, ó sì wà lórí àga pẹ̀lú, òun fúnra rẹ̀, ó kéré díẹ̀ sí ti ara ògiri. Inú rẹ̀ dùn pé àlejò wá. Ó rò pé wọ́n wá bi í nípa ìwé, kò sì ṣìnà.

Abájọ ti mú aránṣọ dání. Ó ní kó má sọ̀rọ̀ títí òun yóò fi wò ó lójú.

"Ọ̀mọ̀wé, a ń wá olè kan," Abájọ wí. "A rò pé ẹni tó mọ̀wé bíi tiyín lè ràn wá lọ́wọ́." Ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ èyí?"

Ọ̀mọ̀wé ò jẹ́ kó balẹ̀ tán. "Olè nìyẹn. Ṣé ẹ ti mú un?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Èmi ni mo tú u fó. Níbi ìpàdé kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan na fóònù sí mi, ó ní, 'Ọ̀mọ̀wé, mo ń ka ìwé yín.' Mo wo ojú fóònù. Orúkọ mi rèé ní ìhòòhò ọmọlúwàbí, bí ẹni wọ́n gbé aṣọ rẹ̀ sá níbi tó ti ń wẹ̀. Kò sóyè níwájú, kò sóyè lẹ́yìn. Àwòrán mi ò sí níbẹ̀. Mo ní, áà, àwọn gbájú-ẹ̀ ti mú mi. Torí ẹni tó ń tẹ̀wé mi ò jẹ́ dán irú rẹ̀ wò láéláé."

"Ẹ wá ṣe kí ni?"

"Mo kọ̀wé sí ilé ìtàwé wọn. Mo búra pé èmi ni mo ni Afárá Onígi, pé n ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Wàràwàrà ni wọ́n yọ ọ́." Ó fẹ̀yìn ti àga. "Wọ́n mọ ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ ṣí inú ìwé náà wò kí ẹ tó búra?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣí? Ojú la fi ń mọ olè."

Abájọ bọ́ awò orí imú. Ó mí, ó sì kanlẹ̀. "Abájọ," ó wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀mọ̀wé. Àwọn Ọ̀mọ̀wé ara ògiri nìkan ni ẹ̀rín wọn ò yí padà.

Abájọ wá fi pẹ̀lẹ́ tú u fún un. Ìwé tó pè ní ti olè, atẹ̀wé rẹ̀ ló gbé e síta. Àwọn tó rà á, owó mímọ́ ni wọ́n fi rà á, a sì gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. "Olè tí a ń wá nínú gbogbo ìlú, Ọ̀mọ̀wé, òun ló tún ń pe ọlọ́pàá."

"Bébà ni mo fún un láṣẹ lé lórí."

"Atẹ̀wé yín ní bébà àti ẹ̀rọ lẹ jọ buwọ́ lù."

"Mo buwọ́ lù ú," Ọ̀mọ̀wé wí. "N ò kà á."

"Ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó tẹ 'Mo gbà.'"

Ó dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé. Ohun tó kù ò le. Kó kọ̀wé sí ilé ìtàwé pé òun ṣi ìbúra búra, ìwé yóò sì padà. Ṣùgbọ́n Abájọ rí ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ó sì mọ ohun tó ń rò. Kí odindi Ọ̀mọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ò dá ọmọ òun mọ̀, torí pé wọn ò dé e ní fìlà.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó," ó wí. "Bóyá lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ẹ̀bùn ọdún yìí lé wa lọ́wọ́."

Ìgbà yẹn ni Abájọ wo aránṣọ lójú.

Aránṣọ ò bẹ̀bẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń wọn aṣọ, láti èjìká dé ẹsẹ̀: ohùn tí wọ́n gé, ìwé tí ọkọ òun rà torí afárá, àmì kéékèèké, ẹyọ kan láàárọ̀, ojú ewé ìkẹyìn tí òun ò tíì ṣí. "Ìwé yín padà o, kò padà o, ẹ lè tún òmíràn kọ," ó wí. "Ẹni tèmi ò lè tún un kọ mọ́."

Ọ̀mọ̀wé ti yíjú padà. Ojú rẹ̀ rọ̀. Àmọ́ ohun mìíràn ti yọ nínú ojú rọ̀rọ̀ náà. "Ẹnjiníà náà," ó wí, "ó kà á dé òpin?"

"Ó kà á dé òpin."

"Ó sì kọ nǹkan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Ó jókòó. "Kí ló sọ nípa rẹ̀?"

Aránṣọ la ẹnu. Abájọ tètè gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ó sọ púpọ̀, Ọ̀mọ̀wé. Inú ìwé náà ló wà. Bí ìwé bá padà, kò sí bí a ò ṣe ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ díẹ̀."

Ọ̀mọ̀wé ń wá fóònù rẹ̀. Abájọ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó láti mọ̀ pé ibi tí ẹ̀rí ọkàn bá ti rẹ̀ lójú ọ̀nà, ìfẹ́ àtigbọ́ nípa ara ẹni lè bá a gbé ẹrù délé.

*

Ìwé padà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ọ́fíìsì Abájọ ni wọ́n pàdé sí láti ṣí i: aránṣọ, Adúmáadán tó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí ó fi ń hó, àti Ọ̀mọ̀wé tó wọ agbádá.

Aránṣọ tẹ ojú wàláà. Afárá Onígi ṣí. Ojú ewé kìíní mọ́ fóó, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ó ṣí ìkejì, ó ṣí ìkẹta. Kò sí nǹkan. Ó padà sí ìkíní, ó tún un tẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ Bàbá Ẹ̀dà nìkan ló ń wá láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù fún un," Abájọ wí. "Ibi tó ti ń bọ̀ jìn."

Àmì kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé. Òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n wá ń yọ wọ̀tìwọ̀tì, bí fìtílà tí wọ́n ń tàn láti ilé dé ilé. Aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu.

"Kà á," Ọ̀mọ̀wé wí jẹ́jẹ́.

Adúmáadán ló kà á, torí ojú aránṣọ kò ríran. "'Irọ́ ni. Igi yìí ò lè gbé ẹṣin, ká má tíì sọ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun.'"

Ọ̀mọ̀wé tún agbádá rẹ̀ ṣe.

"'Ọ̀gbẹ́ni yìí ò dé etí odò rí. Inú ago tíì ló ti rí omi.' 'Tí mo bá kọ́ afárá báyìí, ẹ̀wọ̀n ni mo wà.' 'Ibí yìí dára. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sọ fún un.'"

"Tún èyí kà," Ọ̀mọ̀wé wí.

Adúmáadán tún un kà. Ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ògiri dé ògiri. "Ṣé ẹ rí i pé òótọ́ ló ń sọ? Afárá mi ò lè dúró. Mo ń lọ tún ìwé yìí tẹ̀, n ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ò tíì jáde rí. N ó sọ fún atẹ̀wé lónìí."

"Ọ̀mọ̀wé," Abájọ wí. "Ọ̀rọ̀ ta ni?"

"Inú ìwé mi ló kọ ọ́ sí."

"Bí mo bá kọ̀wé sára ògiri yín, ẹ lè bínú, ẹ lè kùn ún. Ẹ ò lè sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́." Ó gbé awò orí irun sórí imú, ó bá òmíràn níbẹ̀, ó tún gbé e padà. "Ìtàn yìí, tiyín ni. Bébà tí ẹnikẹ́ni bá rà, tirẹ̀ ni. Tinú wàláà yìí, aránṣọ ò ni ín, àṣẹ àtikà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì ti fi hàn wá bó ṣe rọrùn tó láti gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí Ẹnjiníà kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tà á fún ilé ìtàwé, kò fi ta yín lọ́rẹ. Òun ló ni ín. Ó kú, ó fi í sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú wàláà, òun nìkan ni tirẹ̀ láìkù síbì kan."

Ọ̀mọ̀wé dúró láàárín yàrá. Ó wo aránṣọ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án. Ó ṣí fìlà. "Ìyáàfin, mo wá gba àṣẹ lọ́wọ́ yín."

Aránṣọ nu ojú. Ó ti ń ran aṣọ fún irú àwọn ọkùnrin báyìí tipẹ́, ó mọ ibi tó yẹ kí a ti gbà á wọlé. "Bó ṣe kọ ọ́ gan-an lẹ máa tẹ̀ ẹ́. 'Irọ́ ni' gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

"Ó ti wà níbẹ̀."

"Orúkọ ọkọ mi ni kí ẹ kọ sí i. Orúkọ lásán, kò sóyè."

Ọ̀mọ̀wé gbé ìyẹn mì. "Mo gbà," ó wí, gbogbo yàrá sì rẹ́rìn-ín, òun náà wá rín in nígbẹ̀yìn.

"Tojú ewé ìkẹyìn ò sí níbẹ̀ o," aránṣọ wí. "Tèmi nìyẹn."

Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé ti lọ, ó na wàláà sí Adúmáadán, ó ní kó má dúró gàgà bí àlejò, kó fa àga. Kò sọ pé kó má bínú. Ó ní, "Aago yẹn ń bẹ nínú dúrọ́ọ̀ mi. Wá mú un lọ́la." Adúmáadán ní, "Ìyàwó wa, ẹ ṣé."

"Ẹ ò ní ṣí i?" Abájọ bi í. "Mo mọ̀ pé kò kàn mí. Ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí ni mo fi jẹun láyé."

Aránṣọ wo wàláà pẹ́. "Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan," ó wí. "N ò ní fi pamọ́ fún ẹni tó lè tún un gbà." Ó ṣí ojú ewé ìkẹyìn, ó sì fọwọ́ tẹ àmì náà.

Ó kà á. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń ṣubú lé ẹkún lórí, ó wá yí wàláà sí wọn kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ìyàwó mi, mo mọ̀ ọ́ tipẹ́. Òpin ìwé lo máa ń kọ́kọ́ ṣí, kí o lè mọ ẹni tó kú. Ó dáa, o ti mọ̀ ọ́n. Padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ká jọ kà á.

"Òótọ́ ló sọ," aránṣọ wí. "Bí mo ṣe ń ṣe láti ilé bàbá mi nìyẹn. Èyí nìkan ni n ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí."

Abájọ ò sọ abájọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn na ọwọ́ sí àtẹ̀gùn.

Aránṣọ gbé wàláà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Bàbá Ẹ̀dà. Ó ní kó bá òun tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ìwé náà sórí bébà, bébà tó nípọn, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè dúró sí ọ̀nà jíjìn pa rẹ́.

Bàbá Ẹ̀dà gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ. "Ta ló ni ín?"

"Èmi ni mo ni ín."

Bàbá Ẹ̀dà wò ó. Ó pẹ́ tó ti ń gbọ́ ìdáhùn yẹn, kò sì wò ó bí ẹni ń wo ṣíṣú òjò lọ́tẹ̀ yìí. "Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀," ó wí.